Oòrùn Inú Gílóòbù Olóyè

Olóyè tún kọ oúnjẹ. Ìbíkẹ́ ju ìrẹ̀ kan síwájú rẹ̀. Ìrẹ̀ náà fò, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga. Alángbá náà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Irùngbọ̀n ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀, tó máa ń wú tó sì máa ń dúdú bí inú bá ń bí i, rọ̀ jọwọlọ sórí iyanrìn. Lókè àpótí gíláàsì tó ń gbé, gílóòbù rẹ̀ ń tàn yòò.

Ẹ̀rù ń ba Ìbíkẹ́. Bí ẹran yìí bá kú, ó tán fún un.

Akínbọ́lá ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè, ló ra alángbá ilẹ̀ òkèèrè náà l'Ékòó, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Òun ló kọ́ Ìbíkẹ́ ní ìtọ́jú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ àǹkárá aláràbarà sún mọ́ ọn, àyà rẹ̀ á já. Nítorí náà, sùtánà funfun tí Ìbíkẹ́ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan ló ń wọ̀ gbé e. Gílóòbù rẹ̀ náà kì í ṣe gílóòbù lásán, agbára oòrùn ló wà nínú rẹ̀.

"Tó bá pẹ́, oòrùn inú rẹ̀ á tán, ṣùgbọ́n á ṣì máa tàn," Akínbọ́lá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó pààrọ̀ ti àtijọ́ sí tuntun. "Ojú èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n. Alángbá nìkan ló máa mọ̀. Egungun rẹ̀ á rọ̀, kò sì ní jẹun mọ́."

Ìbíkẹ́ ní òun ti gbọ́. Ó gba gílóòbù àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á bá a sọ ọ́ nù.

Ẹnìkan gbá irin fèrèsé ilé ìdáná. Ìyá Ṣéhù ni, aládùúgbò tó máa ń bá wọn mú tata bọ̀ láti oko.

"Ìyàwó tíṣà! Gba tata rẹ. Ṣé o ò lè jáde wá gbà á bí ọmọ èèyàn ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń na ọwọ́ láàárín irin bí ẹni ń bọ́ ọ̀bọ."

"Ẹ má bínú, mà. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni."

"Gbálẹ̀! Wo ẹsẹ̀ rẹ lórí sìmẹ́ńtì. Ṣé bàtà ti tán l'Òjòwò ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará ìjọ yín bi mí léèrè rẹ o, èmi Mùsùlùmí! Mo ní ọkọ rẹ sọ pé ara rẹ ò fẹ́ oòrùn. Alángbá yẹn ńkọ́?"

"Kò jẹun."

"Gbé e fún àwọn ọmọ mi, kí wọ́n yan án. Èyí tó wà lára ògiri tèmi, ta ló ń tanná fún un?"

Ìbíkẹ́ gba tata náà. Nígbà tí Ìyá Ṣéhù lọ tán, ó rẹ òwú sínú omi, ó ń kán an sí Olóyè lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Má kú," ó sọ fún un. "Jọ̀ọ́, fara dà á díẹ̀ sí i."

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Fóònù náà kì í peni, gbígbà nìkan ló ń gbà. Akínbọ́lá ló ń pè láti Ẹ̀fìrè, níbi tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti yẹ omi ọ̀sà wò.

"Olóyè ńkọ́?"

"Kò tíì jẹun, sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n."

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Ìbíkẹ́. Bó bá kú kí n tó dé, ìwọ náà mọ ohun tó kàn."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó fọwọ́ kan èjìká òsì rẹ̀, tó ṣì máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú.

"Mo ti pe dókítà ẹran," Akínbọ́lá ń bọ́rọ̀ lọ. "Ó ní kí a gbé e sí oòrùn gidi, níta. Ó ní ti ojú fèrèsé ò ṣiṣẹ́, gíláàsì kì í jẹ́ kí agbára oòrùn kọjá. Hezekiah á wá láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti fi ohun tó yẹ rán dírẹ́bà sí i. Kò sì gbọdọ̀ pẹ́ níta."

"Ó dáa, sà."

Ìbíkẹ́ ò lè jẹun alẹ́.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀kadà láàárọ̀, sùtánà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé Olóyè mọ́yà, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Hezekiah, àbúrò Akínbọ́lá, wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìyàwó wa! Èmi odindi Hezekiah ni wọ́n ní kí n wá sin alángbá lọ yáàrùn!"

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Wọ́n jáde sí àgbàlá. Ìbíkẹ́ gbé alángbá náà sínú báàfù ńlá, ó da tata sí i. Oòrùn mú. Ó pẹ́ díẹ̀, Olóyè tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ṣíjú, irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ìbíkẹ́ sún báàfù náà síwájú, ó tún sún un sẹ́yìn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Hezekiah ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní pa yín torí alángbá."

Ìbíkẹ́ nawọ́ sí alángbá náà. "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi wá ní ilé ìdáná."

Hezekiah wọlé lọ, ó ń súfèé.

Ìbíkẹ́ fa ilẹ̀kùn irin pa dé e, ó sì fi àgádágodo tí Hezekiah fi kọ́kọ́rọ́ tí dírẹ́bà mú wá ṣí tì í láti ìta, bí Akínbọ́lá ti ń tì í mọ́ òun láràárọ̀ láti ọdún tó kọjá, tó sì ń kó gbogbo bàtà òun lọ nínú bùútù ọkọ̀. Ó yọ gílóòbù tuntun, èyí tó ti fi ti àtijọ́ rọ́pò láti bí oṣù kan, nínú àpò sùtánà, ó gbé e ti báàfù tí Olóyè ti ń jẹ tata, ó sì bọ́ sí títì Òjòwò láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun, bí àwọn aládùúrà ti ń rìn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé bàtà rẹ̀ dà.