Igi Ààlà Tí Don Crisanto Gé Lulẹ̀

Ẹ̀yin ìyá àti baba mi, ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kàn wo òkè rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Nígbà tí Kalifọ́níà ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò, wọ́n fún Don Crisanto Zaldúa ní ilẹ̀ tí ẹṣin ń fi odindi ọjọ́ kan yí ká. Lọ́jọ́ náà, ó fa koríko tu, ó ju òkúta sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Irin gbígbóná tó fi ń sàmì sára màlúù ló fi jó àmì rẹ̀ sára igi ńlá kan. Igi yẹn ni ààlà. Wọ́n yà á sínú àwòrán ilẹ̀ náà. Kí ni èèyàn tún ń wá?

2. Ọ̀dá dé. Màlúù ń kú. Ìsun omi kan tí kì í gbẹ wà ní ìkọjá igi ààlà. Ti Doña Brígida, opó àgbàlagbà kan, ni. Ìyá yìí kò fi omi du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Don Crisanto ní òun kò ní máa tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin. Ó gé igi ààlà lulẹ̀, ó sì lọ jó àmì tuntun sára igi mìíràn lẹ́yìn ìsun náà.

Ó gbé ìtì tí àmì àtijọ́ wà lára rẹ̀ wá bá Eduviges, ìyàwó rẹ̀, tó ń se ẹ̀wà.

"Fi dáná."

"Baba Inés, àmì ààlà kọ́ nìyí? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

"Ṣé ẹ̀wà lò ń sè ni, àbí ẹjọ́ lò ń dá? Mo ní kí o fi dáná!"

Eduviges tì í sínú iná. Ìṣojú rẹ̀ ni àmì náà ṣe pọ́n, tó dúdú, tó di eérú. Láti ọjọ́ náà, bí ajá bá ti gbó, àyà rẹ̀ á já.

Doña Brígida wá. "Crisanto, omi tí mo fún ọ mu lo wá gbà mọ́ mi lọ́wọ́? Igi kò lẹ́nu o, àmọ́ á sọ̀rọ̀."

"Ẹ ní kó pariwo díẹ̀, ìyá, etí mi ti ń di."

3. Kò pé ọdún méjì, Kalifọ́níà bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Òfin tuntun ní kí gbogbo onílẹ̀ wá fi ẹ̀rí hàn. Awọnlẹ̀ kan gbé àwòrán náà wá, ó dúró ti igi tuntun tó wà lẹ́yìn ìsun, ó fi ọ̀bẹ tú àmì náà wò.

"Ọ̀gá, ó tó ọdún mélòó tí ẹ ti sàmì yìí?"

"Ọdún mẹ́tàlá."

"Igi a máa dàgbà bo ọgbẹ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ yìí ṣì là sílẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí igi àtijọ́ bá wà, ìbáà ṣe ìtì tí àmì wà lára rẹ̀ lásán, ẹ fi hàn mí. Ilẹ̀ yín á dúró."

Don Crisanto yíjú wo ìyàwó rẹ̀ tó bá wọn wá. Eduviges kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìtì náà ti di eérú.

4. Àwọn adájọ́ ní ayédèrú ni gbogbo ẹ̀rí rẹ̀. Ìsun omi padà sọ́wọ́ opó. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a dù tẹ́lẹ̀, ó lọ pátá. Nígbà tí àwọn àjèjì tó gba ilẹ̀ náà ń já ẹrù wọn sẹ́nu ọ̀nà, Eduviges ṣì dúró níwájú ààrò.

"Ìyá Inés, kí lò ń wò?"

"Ààlà wa ni mò ń wò, Baba Inés."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá yẹ ààlà ẹlòmíràn, tiyín lẹ ń hú. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ọkọ ju ìbẹ̀rù Ọlọ́run lọ lọ́kàn yín. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́.