Àlejò Wà Nílé

“Ìyá, bí ilẹ̀ bá mì, ibo lẹ ó sá sí?” Fadérera, òṣìṣẹ́ ìjọba, ti bi gbogbo abúlé léèrè, pápá ni wọ́n ń wí. Ẹni tó bá kọ̀ láti sá, ìjọba á mú un kúrò nílé.

Ìyá Ṣíjúadé rẹ́rìn-ín. “Sá kẹ̀? Abẹ́ yàrá yìí la sin ọkọ mi sí. Òun ló ń yíra padà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà wí pé pápá ni.”

“Kí n purọ́ lójú rẹ̀?”

Ẹ̀gbà ọwọ́ Fadérera, tó ń kìlọ̀ bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì, ké. Ilẹ̀ mì, àwo ń já bọ́. Ó sá dé ẹnu ọ̀nà kó tó wẹ̀yìn. Ìyá ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

“Ẹ rọra, Bàbá Ṣíjúadé. Àlejò wà nílé.”

Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Fadérera kọ “pápá” sílẹ̀ fún un, ó bọ́ bàtà, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ kúulé, bàbá.”