Irin Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bí Bipinbhai Vora bá ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, á sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ àwọn olówó ìlú Rajkot tí ń ṣa ọkọ̀ àtijọ́ jọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta kan, ó dé ọ̀dọ̀ opó kan, Rasilaba, ní abúlé Khambhala. Awakọ̀ ọba kékeré ibẹ̀ ni ọkọ ìyá náà, ọkọ̀ tí ọba fi ta á lọ́rẹ sì wà nínú abà wọn látọdúnmọ́dún. Ìyá ń di ìṣó àti yànmọ̀tí dúdú sínú aṣọ fún alágbe tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Àbámẹ́ta.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí bàbá, ọkọ mi, tó kú, ó ní kí n má fi ọkọ̀ yìí ṣe ohunkóhun àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wò ó. Ohun tó o bá sọ ni mà á tẹ̀ lé."

Bipinbhai ṣí bọ́nẹ́tì. Adìyẹ kan fò jáde. Ó na ọwọ́ wọlé: sílíńdà mẹ́rin, tí wọ́n rọ ní méjì-méjì, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé wà lápá kan, èyí tó ń tú èéfín jáde wà lápá kejì. Bàbá rẹ̀ àgbà ṣì wà lọ́mọdé nígbà tí wọ́n ti pa irú iṣẹ́ yìí tì. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti kógbá wọlé tipẹ́, bóyá èyí nìkan ló sì kù láyé. Bipinbhai kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó ọkọ̀ yìí nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Síbẹ̀, ó fajú ro.

"Ìyá, ta ló tàn yín jẹ? Ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun ni wọ́n kì sínú rẹ̀."

"Yéè! Kò wúlò fún nǹkan kan?"

"Irin lásán ni."

"Irin lásán? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Irin pọ́ńbélé, Ìyá. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀."

Ìyá mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì tú ká. Ó gbàdúrà fún un títí ó fi wọ mọ́tò.

Ì bá rà á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Shani, òrìṣà olójú líle, ló ni Àbámẹ́ta, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì pé kì í ra irin wọlé lọ́jọ́ náà. Bipinbhai kì í gba ohun tí kò ní fáàfù gbọ́, àfi Shani. Ó rọra lọ sílé, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí wọ́n mú omijé ìlara dání.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé lọ́rì dé pẹ̀lú òdòdó àti páálí àkàrà òyìnbó.

"Ìyá, àánú yín ló ṣe mí. Mo ní kí n wá bá yín kó pàǹtí yẹn."

Wọ́n ti gbá inú abà mọ́ tónítóní.

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi! Ṣebí ìwọ lo sọ pé irin ni. Ẹni tó bá ta Shani lọ́rẹ irin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ibi ò ní kàn án. Ta ló ta á lọ́rẹ irin tó tóbi tó yẹn rí? Àwọn alágbẹ̀dẹ tẹ́ńpìlì rẹ̀ ti ń fọ́ ọ láti àná."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" ni Bipinbhai béèrè.

"Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́," ni ìyá wí, ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti òrùka irin dúdú kan tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ bọ ìka àárín rẹ̀: "àkọ́kọ́ tó jáde lára rẹ̀ nìyí, tìẹ ni, torí ìwọ lo sọ òtítọ́ fún opó."