Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹ̀gbẹ́ Títì

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un," ìyàwó sọ.

Ọkọ rẹ̀ wo ọlọ́pàá tó dá wọn dúró nítorí eré àsápajúdé. "Èmi? Fún ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ?"

"Ta ló mọ̀ wá nílùú onílùú? Ọmọ yín ń rọbí ní ọsibítù, ẹ wá ń ṣàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."

Ọlọ́pàá ò gbọ́ èdè wọn, àwọn náà ò gbọ́ tirẹ̀. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó nà gbalaja sílẹ̀.

Ìwé ìtanràn bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó kúnlẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ bàbá mú, ó ń pariwo sínú rédíò.

"Kí ló ń ṣe é?" bàbá béèrè láti ilẹ̀.

"Ó rò pé ẹ dákú ni. Ẹ má dìde o. Ọsibítù kan ṣoṣo ló ṣáà wà nílùú yìí, ibẹ̀ náà là ń lọ."

Ọlọ́pàá kó wọn sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó fọn fèrè, ó ń sáré burúkú. Bàbá la ojú kan, ó rí i pé eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n torí ẹ̀ mú òun. Ó tún dijú.

Ọkọ ọmọ wọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Bó ṣe rí i tí wọ́n ń gbé bàbá ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sáré wá, ayọ̀ ò jẹ́ kó béèrè ohunkóhun.

"Bàbá, ọkùnrin ni o," ó ní, ó sì nà gbalaja sílẹ̀.

Ọlọ́pàá wo ẹni kejì tó wà nílẹ̀. Ó rọra fà sẹ́yìn, ó sì fọwọ́ bo imú àti ẹnu.