Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ́ Wọ́ọ̀fù

"Onílé ṣọ́ọ̀bù yẹn ní... ó ní, 'Ọwọ́ tó ti sin ọmọ mẹ́ta...'"

Ṣìfáwù ò parí ẹ̀. Ó kàn gbá Sàfíátù àbúrò rẹ̀ mọ́ra.

Ọmọ mẹ́ta ni Sàfíátù ti sin lóòótọ́.

Àwọn méjèèjì ló ń to eegun. Ogun abẹ́lé ti parí, ọkọ̀ òkun kún Àpápá, ẹrù ń ṣẹ́ àwọn lébìrà tó ń já a lẹ́sẹ̀.

Sàfíátù ló rí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Ṣìfáwù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ̀ pé kó bá òun bá onílé sọ ọ́.

Lẹ́yìn ohun tí Ṣìfáwù sọ, Sàfíátù lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sínú ẹrẹ̀ àdúgbò Amukòkò. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó sin ọmọ mẹ́ta náà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó na ẹsẹ̀ sí i.

Lónìí, onílé dá a dúró lọ́nà.

"Sàfíátù, kí ló dé tóo kọ ṣọ́ọ̀bù mi? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo padà fún."

"Bàbá, kí lẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nípa mi gan-an?"

"Mo ní, 'Ọwọ́ tó ti sin ọmọ mẹ́ta, tó ṣì ń wo ọmọ ọlọ́mọ sàn, òun ni mo fẹ́ nílé mi.'"