Ẹni Tí Wọn Ò Pè Sínú Ilé

Lójoojúmọ́, kí Morónfóyè tó mu tíì, ó máa ń fi JavaScript, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, dán ilé tó ń fúnra rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ oòrùn wò. Láàárọ̀ yìí náà, ó dáná sun ún lórí kọ̀ǹpútà, èsì sì jáde bí ìṣe rẹ̀: iná ò pa ẹnikẹ́ni.

"Ta ló tiẹ̀ wà nínú rẹ̀?" ni Ọláníwún, akẹgbẹ́ rẹ̀, bi í.

Morónfóyè padà ka àyẹ̀wò náà. Ènìyàn inú àyẹ̀wò kì í wáyé àfi bí àyẹ̀wò bá pè é lórúkọ, òun ò sì pè é rí. Ilé òfìfo ló ti ń dáná sun láti ọjọ́ yìí wá.

Ó pè é lórúkọ nínú àyẹ̀wò náà. Ìyá àgbà kan yọ nínú ilé náà. Iná ràn, ilé rò pé oòrùn ló mú, ó tilẹ̀kùn pinpin mọ́ ọn.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ti kún ìlú. Ó pe ìyá rẹ̀, tó ń gbé inú ọ̀kan nínú wọn, lórí fóònù.

"Màmá, ẹ jáde nílé, ẹ jọ̀ọ́!"

"Oòrùn ti mú, ilẹ̀kùn ò ní ṣí títí di ìrọ̀lẹ́, o ṣáà mọ̀. Ẹ̀wà mi ló wà lórí iná. Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ṣebí ìwọ lo dán ilé náà wò?"