Ó Ti Wọ̀: Ìtàn Agékọ́kọ́rọ́ àti Púlọ́ọ̀gì Ọkọ̀ Bàbá Rẹ̀

Ẹnu aránṣọ kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, nítorí pé ojú rẹ̀ ni òpin rẹ̀ ṣe. Ìtàn agékọ́kọ́rọ́ kan ni, ọkùnrin tí àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ohun kan bá ti lè wọ inú ihò, lójú tirẹ̀, ó ti bá ihò náà mu. Ohun tó wọ̀ àti ohun tó yẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn aládùúgbò fi sọ ọ́ ní Ó-ti-wọ̀.

Àwọn oníbàárà a máa mú kọ́kọ́rọ́ tuntun padà wá bá a.

“Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gé yìí kò ṣílẹ̀kùn o.”

“Ṣé kò wọ̀ ni?”

“Ó wọ̀. Kò yí ni.”

“Bó bá ti wọ̀, ó ti parí. Ẹ máa rọra bẹ̀ ẹ́.”

“Ṣé àna mi ni, tí n ó fi máa bẹ̀ ẹ́?”

Báyìí ni ẹsẹ̀ èrò ṣe dá ní ìsọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí ọkùnrin náà máa ń ra bàtà tó há fún, ti kó ẹrù lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àga méjì ni ó wà nínú yàrá rẹ̀; ó ń jókòó lórí ọ̀kan, ó sì ń kó aṣọ tí ó ti wọ̀ sórí èkejì. Nígbà mìíràn, bí oúnjẹ bá jinná, á ṣèèṣì mú ṣíbí méjì. Á dúró wò wọ́n díẹ̀, á sì dá ọ̀kan padà sínú agbọ̀n.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ń gbé ní ìlú mìíràn pè é lórí fóònù.

“Àbúrò mi, àwa méjì ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Onílé ti ní kí n kúrò. Ọmọ ọkọ mi fẹ́ mú mi lọ sí òkè òkun, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tìrẹ ni mo fẹ́ gbó sí. Ẹsẹ̀ mi kò gba ọkọ̀ èrò mọ́. Fi ọkọ̀ bàbá wa wá gbé mi ní Sátidé. Bí oòrùn bá wọ̀ tí n kò rí ọ, n ó tẹ̀ lé e nìyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti délé nìyẹn.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó kó aṣọ kúrò lórí àga kejì, ó sì nù ún.

Ọkọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ti di arúgbó, ó sì ti ń húkọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣáná sí i. Ó-ti-wọ̀ tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, àwọn tí ń tan iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti jó dúdú. Ó sọ wọ́n sínú kòtò, ó sì gba ìsọ̀ obìnrin kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ.

“Bàbá, àwọn tó ti gbó dà, ká fi wé tuntun?”

“Mo ti dà wọ́n nù. Fún mi ní èyí tó ń dán yẹn.”

“Èyí yẹn máa ń pa ooru mọ́ra. Nínú ìlú, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá gbé e gun òkè lọ́nà jíjìn, iná á pọ̀ jù, á sì dá písítìnnì yín lu, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ padà lọ ṣa ti tẹ́lẹ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”

“Ìwọ obìnrin yìí, púlọ́ọ̀gì ni mo ní kí o tà fún mi. N kò ní kí o bá mi wá ọkọ fún ọkọ̀ mi.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú èyí tó ń dán lọ. Nígbà tí ó dé ilé, ó yí wọn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Ó ṣáná, ikọ́ ti lọ. “Ó ti wọ̀,” ni ó wí fún ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó gbéra. Ọkọ̀ ń sáré dáadáa títí ó fi dé ibi òkè gígùn kan tí kò sí ilé nítòsí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan kó-kó-kó bí ẹni tí ń kanlẹ̀kùn tí wọn kò dá lóhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i. Èéfín funfun yọ, ọkọ̀ sì dákẹ́ pátápátá. Iná ti dá písítìnnì lu. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè náà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá kò dúró. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń wo ìwọ̀-oòrùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó wọ̀ bí ó ti yẹ lọ́jọ́ náà ni oòrùn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó gbé e dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣófo, wọ́n ti gbá a mọ́. Aránṣọ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà kejì dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

“Orí àpótí wọn ni Màmá jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí a bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á ní, ‘Àbúrò mi ń bọ̀.’ Wọ́n ti wọ bàálù báyìí. Wọ́n ní kí n fún yín ní èyí.”

Kọ́kọ́rọ́ kan ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà kan.

“Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ yìí kò ṣí ilẹ̀kùn yìí rí. Ṣùgbọ́n torí pé ọwọ́ yín ló ti wá, àwọn ò lè jù ú nù.”

Ó ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ ihò ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó wọ̀. Ó yí i, kò yí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀: ó jókòó sílẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú ihò síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ̀ ló yẹ. Kí á fi tuntun wé èyí tó ti gbó kí á tó jù ú nù, ìbáà jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ìbáà jẹ́ ìlérí. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀rín dá ẹni tó kìlọ̀ fún un lóhùn, òun nìkan ni yóò gbọ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Kí á sì rántí pé àwọn tó fẹ́ wa kì í pọ̀, oòrùn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ni ó jókòó síbẹ̀. Ẹni méjì ni ó wà níbẹ̀: òun, àti aránṣọ tí ó ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.